Iṣẹ́ Wà Fún Un, Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Dà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Òwe yìí kò ní kí á gé èyí tí ó kúrú jù nínú ìka sọnù. Ohun tí ó ń kọ́ ọmọ aráyé ni pé ara ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà, àti pé nígbà tí ọwọ́ bá di ọkọ́ mú, èyí tí ó gùn àti èyí tí ó kúrú ni wọ́n jọ dì í. Bí iṣẹ́ bá sì parí, odindi ọwọ́ ni a ń kí pé ó kú iṣẹ́. A kì í yọ ìka kan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe nínú agboolé wa? Kò wọ́pọ̀ kí á rí agboolé ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn àgbà ibẹ̀ kò ní rántí ẹnì kan tí òye rẹ̀ kò yá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin tí ewú ti gba orí rẹ̀ kan, síbẹ̀ tí kò lè ka owó tí ó bá ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ obìnrin tí ó ti tó ìyá ọmọ mẹ́ta, síbẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ rán an létí kí ó tó lọ wẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni ó ti pọn omi kún àmù. Òun ni ó ń gbá àgbàlá, òun ni ó ń la igi, òun ni ó ń kó ewúrẹ́ wọlé nígbà tí òjò bá ṣú. Bí ìnáwó bá dé, òun ni ó ń ru àga, òun ni ó ń fọ ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Bí ó bá di alẹ́, wọn a bu oúnjẹ fún un, ó parí. Bí àlejò bá sì béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, èsì tí àwọn ará ilé yóò fọ̀ ni pé: "Kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ilé ló wà."

Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni a ń wí pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́! Nínú gbólóhùn kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àṣà ilẹ̀ Yorùbá kò fi ẹni tí òye rẹ̀ ń falẹ̀ sílẹ̀ láìrí iṣẹ́ fún un ṣe. Ohun tí àṣà náà kò tíì ṣe ni pé kí ó pe iṣẹ́ ẹni náà ní iṣẹ́, kí ó sì san owó rẹ̀. Apá kan àṣà yìí dára, ó yẹ kí á dì í mú ṣinṣin. Apá kejì kò dára, ó sì ti tó àkókò kí á jáwọ́ nínú rẹ̀.

KÌ Í ṢE WÈRÈ, KÌ Í ṢE ÈGÚN

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí ó má baà dàrú. Ẹni tí a ń pè ní wèrè ni ẹni tí àìsàn kọlu ọpọlọ rẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un, ó sì lè sàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ṣàìsàn rárá. Láti kékeré ni òye rẹ̀ ti ń falẹ̀: ó pẹ́ kí ó tó jókòó, ó pẹ́ kí ó tó rìn, ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ara rẹ̀ ń dàgbà, ọjọ́ orí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwé kíkà, ìṣirò owó àti ọ̀rọ̀ tí ó bá díjú kì í tètè yé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó mọ ìgbà tí a bá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ sì ń ta.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń fa irú ipò yìí. Ọmọ mìíràn wà tí ibà pọ́njú mú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí i, tí a kò sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Òmíràn kò rí èémí mí tó nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí. Àrùn tí ó bá wọ inú ọpọlọ ọmọdé lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àìtó áyódíìnì nínú oúnjẹ aboyún. Ní ti àwọn tí àwọn dókítà ń pe ipò wọn ní Down syndrome, ọdún 1959 ni Jérôme Lejeune, dókítà ará Faransé, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi hàn pé nínú àwọn fọ́nrán tíntìntín tí ó ń gbé àbùdá ènìyàn, èyí tí ó jẹ́ ìkọkànlélógún ni ó di mẹ́ta lára wọn dípò méjì. Kò sí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀san ìwà ìyá tàbí ti baba níbẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa náà ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, àti pé ní ọjọ́ kan ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gún mọ́ lórí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí afin, abuké, arọ àti ràrá fi di ẹni òrìṣà, tí ẹmu sì fi di èèwọ̀ fún àwọn tí ń sin Ọbàtálá. Yálà ènìyàn gba ìtàn náà gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ hàn kedere: ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹni tí a mọ. Ẹni tí ó bá fi ẹni òrìṣà ṣẹ̀sín, òrìṣà tí ó mọ ọ́n ni ó ń bá wí.

Ó ṣe ni láàánú pé ahọ́n wa kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí òye rẹ̀ ń falẹ̀. Ọ̀dẹ̀, dìndìnrìn, sùẹ̀gbẹ̀, òpònú, agọ̀: gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni a ń sọ ọ́, ní ìṣojú rẹ̀, ní ìṣojú àwọn ọmọdé. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí a bá ń pè ní ọ̀dẹ̀ láti kékeré, a ti kìlọ̀ fún gbogbo ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò kí wọ́n má ṣe gbà á. A ti ti ilẹ̀kùn kí ó tó dàgbà débi tí yóò kàn án.

BÍ IṢẸ́ ṢE RÍ NÍ AGBOOLÉ ÀTIJỌ́

Nínú oko àti nínú agboolé àtijọ́, a kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí á tó fún un ní iṣẹ́. Ní ilé alágbẹ̀dẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi ẹwìrì fẹ́ná. Ní ìdí òfì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ká òwú. Níbi tí a ti ń ṣe epo, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣa ẹyìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pa ẹkùrọ́. Ẹ wo iṣẹ́ gàrí: ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rin ín, ẹnì kan ń dì í sínú àpò, ó ń gbé òkúta lé e, ẹnì kan ń sẹ́ ẹ, ẹnì kan ń yan án. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n a ti pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Ẹni tí kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lè mọ ọ̀kan dunjú. Púpọ̀ nínú àwọn tí òye wọn ń falẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ tí kì í yí padà. Ohun tí ó máa ń sú ọlọ́gbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, wọn a máa ṣe é títí ilẹ̀ fi máa ṣú láìsí àròyé.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn baba wa. Wọn kò dá ẹni náà sọ́tọ̀, wọn kò kọ́ ilé fún un lẹ́yìn odi. Àárín ènìyàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ti ń gbọ́ orin, tí ó ti ń gbọ́ ìròyìn ìlú.

Nígbà tí ayé yí padà, ilẹ̀kùn iṣẹ́ yí padà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé, iṣẹ́ ìjọba dé, fọ́ọ̀mù dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè ni ìwé mẹ́wàá, kódà bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó mọ òwú ká ní ìdí òfì baba rẹ̀ kò ní àyè níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ń gba owó oṣù. Òun ṣẹ́kù sílé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dínkù, ṣùgbọ́n ojú kò rí i mọ́, nítorí pé ayé ti gbà pé iṣẹ́ tí kò lówó nínú kì í ṣe iṣẹ́.

OÚNJẸ KÌ Í ṢE OWÓ Ọ̀YÀ

Àwọn kan yóò wí pé àṣà wa ni pé kí á bọ́ ẹni náà, kí á fi aṣọ bò ó, kí á sì fún un ní ibi tí yóò sùn, àti pé ìyẹn tó. Ẹ jẹ́ kí á bi àṣà náà léèrè fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mélòó ni àwọn Yorùbá ń gbà ṣiṣẹ́ fún ara wọn? Bí ó bá jẹ́ àáró ni, ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún lónìí yóò wá ṣiṣẹ́ padà lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, olóko yóò se àsè fún àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́, wọn yóò sì lọ sílé wọn ní ọjọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ àgbàṣe ni, owó ni. Kódà ìwọ̀fà tí ó ń sin olówó nítorí gbèsè, apá kan ọjọ́ ni ó ń fi sìn, ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí gbèsè bá sì san tán, òmìnira dé.

Èwo nínú mẹ́rin yìí ni ti ẹni tí òye rẹ̀ ń falẹ̀? Kì í ṣe àáró, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í wá bá a ṣiṣẹ́ padà. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀, nítorí pé kì í lọ sílé. Kì í ṣe àgbàṣe, nítorí pé a kì í sanwó. Kì í tilẹ̀ ṣe ìwọ̀fà: kò jẹ gbèsè, kò sì ní ọjọ́ ìdásílẹ̀. A jẹ́ pé àṣà kò ní orúkọ fún ohun tí à ń fi í ṣe. Ohun tí kò bá ní orúkọ nínú àṣà, ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi àṣà gbè é lẹ́sẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Atalissa, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1974 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkùnrin tí òye wọn ń falẹ̀ wá síbẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa tòlótòló. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ni wọ́n fi wọ́n sí. Iṣẹ́ alágbára ni wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n dọ́là 65 péré ni owó tí ó ń dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Àwọn tí ó kó wọn wá ní oúnjẹ àti ilé ni wọ́n ń fi ìyókù san. Ó di ọdún 2009 kí àṣírí tó tú. Ilé náà ti bàjẹ́, aáyán kún inú rẹ̀, àwọn ọkùnrin náà sì ti di arúgbó. Ní ọdún 2013, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní kí a san mílíọ̀nù 240 dọ́là fún àwọn 32 nínú wọn. Òfin ilẹ̀ náà dín in kù sí mílíọ̀nù kan àti ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ dọ́là, èyí ni 1,600,000.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí àwáwí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà: a bọ́ wọn, a fún wọn ní ibùsùn. Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí àwa náà ń wí nìyí? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní òfin kan láti ọdún 1938 tí ó fi àyè gba àwọn agbanisíṣẹ́ kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, láti san owó tí ó kéré sí ti àwọn yòókù fún aláàbọ̀ ara. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ti yanjú ọ̀ràn yìí tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, nínú àwọn àgbàlagbà tí òye wọn ń falẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tọ́jú, àwọn tí ó ní iṣẹ́ olówó lọ́wọ́ ní ọdún 2022 sí 2023 kò pé 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀KỌ́ṢẸ́ NÍ SÙÚRÙ

"Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sanwó fún un, ṣé ó lè kọ́ṣẹ́ ni?" Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí, ìdáhùn sì wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Marc Gold lorúkọ rẹ̀, mú bíréékì kẹ̀kẹ́ kan, ó tú u sí wẹ́wẹ́. Ẹyọ irin 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ayé ti gbà pé wọn kò lè kọ́ ohunkóhun ni ó fi kọ́ bí a ṣe ń tò ó padà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ó tún mú irú mìíràn tí ẹyọ inú rẹ̀ jẹ́ 24. Wọ́n mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Kì í ṣe oògùn ìsọ̀yè ni ó lò. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gé iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n ju kí ó máa fi ẹnu wí lọ, bí ọ̀nà kan kò bá sì yé ọmọṣẹ́ rẹ̀, a wá ọ̀nà mìíràn dípò kí ó pe ọmọṣẹ́ náà ní olódo. Lójú tirẹ̀, bí ẹni tí à ń kọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tí ń kọ́ni ni kò tíì rí ọ̀nà kọ́ ọ.

Kí ni èyí bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa ń gbà kọ́ ọmọṣẹ́? Ọmọ tí a mú wá sí ìdí aró, a kì í jókòó tì í kí á máa ṣàlàyé. Oṣù kíní, omi ni yóò máa pọn. Lẹ́yìn náà yóò máa sá aṣọ. Lẹ́yìn náà yóò máa di aṣọ tí a óò re. Ojú ni ó fi ń wò ó, ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ ọ, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọmọ mìíràn bá lo ọdún mẹ́ta, ẹni tí òye rẹ̀ ń falẹ̀ lè lo márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà ni yóò mọ̀. Kí ó mọ apá kan náà dáadáa! Alábàáṣiṣẹ́ kan tí ó ní sùúrù ni kí a fi tì í ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀. Kí ohun èlò máa wà ní ojú kan náà lójoojúmọ́. Kí a máa pàṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kí èyí parí kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Dídi búrẹ́dì sínú ọ̀rá, kíkó ẹyin adìyẹ, fífọ àti kíká aṣọ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, títò ìwé ní ilé ìtẹ̀wé, títọ́jú ọgbà òdòdó: iṣẹ́ pọ̀ lọ jàra.

ÒFIN TI FỌHÙN

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 17, fi í ṣe ìlànà fún ìjọba pé kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba fún gbogbo ẹni tí ó bá ṣe é, láìfi ìdí kankan ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá láti ọdún 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òfin náà ka àwọn tí òye wọn ń falẹ̀ mọ́ àwọn tí ó dáàbò bò. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bí ẹlòmíràn. Ó sì wí pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, rí i pé ó kéré tán 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ihò wà lára rẹ̀. "Bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀lẹ lè sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Èkejì, nígbà tí a bá tilẹ̀ ń wá aláàbọ̀ ara láti gbà síṣẹ́, arọ tí ó kàwé tàbí afọ́jú tí ó jáde ní yunifásítì ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Ẹ̀tọ́ tiwọn ni, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka fọ́ọ̀mù, ta ni yóò bá a gba fọ́ọ̀mù? Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ẹ̀rí bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sí ẹnu ọ̀nà, òfin lè ka orúkọ rẹ̀, kò ní wọlé.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìkọ́ni yìí. Láti ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ti ìlú Ọ̀yọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole wà ní Akọka ní Èkó, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí òye wọn ń falẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í wà ní ọmọdé títí. Ọjọ́ tí ó bá jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ibo ni ó ń lọ? Bí kò bá sí ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó ń dúró dè é, ilé náà ni yóò padà sí, ìdí àmù ni yóò padà sí, a ó sì tún wí pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

ÀWÁWÍ KÒ DÁRA

Àwọn kan yóò ní, "Àwọn tí ó jáde ní yunifásítì ń wáṣẹ́ kiri, ẹni tí kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún ni a ó ha fún níṣẹ́?" Ẹnikẹ́ni kò ní kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Iṣẹ́ tí ẹni náà ti ń ṣe láti ogún ọdún ni a ní kí a san owó rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀gá yóò pàdánù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Èyí ní òtítọ́ nínú, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀ láìpurọ́. Níbi tí a ti ń fi agbọ̀n san owó, bíi ti ẹ̀gẹ́ bíbó, kí iye tí a ń san fún ẹlòmíràn lórí agbọ̀n kan jẹ́ iye tí a ó san fún òun náà. Bí ó bá bó agbọ̀n méjì, owó agbọ̀n méjì ni tirẹ̀, kì í ṣe àwo ọbẹ̀. Níbi tí a ti ń san owó oṣù, kí á má ṣe fi àbùkù rẹ̀ dín in. Láti ọdún 2024 ni òfin ti ní owó oṣù tí ó kéré jù kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 70,000 náírà lọ. Ènìyàn ni òun náà. Ní ti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ná ọ̀gá ní àkókò, níbẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ ti wọlé láti ran ọ̀gá lọ́wọ́.

Àwọn ará ilé náà ní àwáwí tiwọn: "Kò mọ iyì owó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí ó máa bá a gbà á." Ẹ rọra o! Nígbà tí baba bá kú tí ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, yálà ìdí-igi ni a fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí, ǹjẹ́ a ń yọ ọmọ ọwọ́ kúrò nítorí pé kò mọ owó kà? A ń tọ́jú tirẹ̀ pamọ́ fún un ni, ìdílé sì ń ṣọ́ ẹni tí ó mú un dání. Kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni yìí: kí owó rẹ̀ wọ ilé ìfowópamọ́ ní orúkọ rẹ̀, kí ẹni méjì jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ó sì máa gba díẹ̀ sọ́wọ́ tí yóò fi ra ohun tí ó wù ú. Ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra àkàrà rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí owó jẹ́.

Ìtìjú ni ó kù. Òbí mìíràn wà tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń bẹ̀rù pé ayé yóò ní òun ń fi ọmọ aláàárẹ̀ ṣe owó. Nítorí èyí a tì í mọ́lé. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ni lójú. Lóòótọ́, ìṣọ́ra yẹ, pàápàá fún obìnrin. Kí á má ṣe gbé igbá ìkiri rù ú kí ó máa wọ ojúlé dé ojúlé nínú oòrùn, níbi tí ẹni ibi lè ti tàn án jẹ. Ibi tí ènìyàn wà, tí ọ̀gá jẹ́ ẹni tí ìdílé mọ̀, tí wákàtí ìwọlé àti ìjáde dájú, ni kí ó ti máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀YÌN ÒBÍ

Gbogbo òbí tí ó ní irú ọmọ yìí ni ó ní ìbéèrè kan tí kì í jẹ́ kí ó sùn: "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?" Àdúrà Yorùbá ni pé kí ọmọ sin òbí. Òbí yìí nìkan ni ó ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ọmọ òun má pẹ́ ju òun lọ láyé. Àdúrà búburú ni, kò sì yẹ kí àwùjọ wa sọ ìyá kankan di ẹni tí ń gbà á.

Ìdáhùn ìbéèrè náà kò sí nínú àánú àwọn ẹbí nìkan, nítorí pé àánú a máa rẹni. Ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀gá tí yóò béèrè rẹ̀ bí kò bá dé lówúrọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó ní owó díẹ̀ tí yóò mú kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ máa wò ó bí ènìyàn, kì í ṣe bí ẹrù.

Iṣẹ́ olúkúlùkù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò le. Kí àwọn baálé fòfin de orúkọ ẹ̀gàn nínú agboolé, bí wọ́n ti fòfin de èébú ìyá ẹni. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹnì kan, kí wọ́n sì kọ àdéhùn owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Kí àwọn olùkọ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jáde. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà ni ó pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ lówúrọ̀. Bí ó bá sì kọ́ṣẹ́ yege, kí a ṣe fíríìdọ̀mù fún un bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a gbàdúrà, kí a jẹ, kí a mu, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gba àtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ náà, bí àlejò bá wọ agboolé tí ó sì béèrè iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ń ṣe, àwọn ará ilé kò ní wojú ara wọn mọ́. Wọn yóò ní: "Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ dúró dè é, ó máa dé nírọ̀lẹ́."